Ibùsùn Tí N Kò Fi Ẹ̀yìn Wò

Yáwá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Akparé. Ọmọ a-gbé-omi-tútù-pàdé-àlejò-lójú-ọ̀nà. Ọmọ oníṣu funfun tí í bọ́ ará ilé, tí í bọ́ ará oko, tí í ṣẹ́ kù fún ẹni tí kò tí ì dé. Àbẹ̀kẹ́ a-tẹ́-aṣọ-kó-dà-bí-ojú-odò-láàárọ̀. Obìnrin gíga tí í rìn nínú ilé tí ilẹ̀ kì í gbọ́. Ìyá Kọ̀jó. Ọ̀gá mi. Ó ti lọ.

Èmi Afí ni mo ń kọ èyí. N kò kàwé púpọ̀. Ọdún márùn-ún ni mo lò lọ́dọ̀ àwọn fadá kí bàbá mi tó sọ pé ó tó. Ọmọ ọmọ mi, Àkúá, ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ìyá àgbà, mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní Lomé. Ṣé iṣẹ́ gidi ni àbí iṣẹ́ ìránṣẹ́?" Mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò fi ayé yín ṣe. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo gbé mì fún ogójì ọdún, tó sì ba orúkọ obìnrin tí mo kí yìí jẹ́. N óò sọ ọ́ níbi tó bá kàn.

Ilé kan wà lórí òkè ní Atakpamé. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé ènìyàn lè jókòó sójú fèrèsé kó na ẹsẹ̀. Àwọn Jámánì ló kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn Faransé fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún un, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí arìnrìn-àjò ń sùn. Àwa ń pè é ní Ilé Òkè. Yàrá méje ló ní. Ẹni tó bá ń ti Lomé lọ sí Sokodé, tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ọ̀dọ̀ wa ló ń yà sí: dókítà, fadá, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, àwọn tó ń ra kọfí.

Ọdún kejì òmìnira ni mo dé ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn: ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń fọṣọ níbẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, mo rọ́pò rẹ̀. Owó oṣù ńkọ́? Ó jẹ́ kí n jẹun, kò jẹ́ kí n sanra.

Ìyá Yáwá ni olórí àwọn tó ń tọ́jú yàrá. Ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbé igbá omi lé mi lọ́wọ́ kó tó wo ojú mi. Mo mu ún tán. Ìgbà náà ló wá ní:

"Ta nìyẹn?"

"Afí ni, Ìyá."

"Ṣé wọ́n ń tẹ́ ibùsùn nílé yín?"

"A ń tẹ́ ẹ, Ìyá."

"Tẹ́ ẹ kí n rí i."

Mo tẹ́ ẹ. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Afí, ibùsùn ajá nìyí. Ajá gan-an á yí i po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà láti sùn sí i." Ó fa gbogbo rẹ̀ tú, ó kó o lé mi lápá, ó sì jáde.

Kò lù mí rí, kò sì bú mí lójú àlejò rí. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò tú iṣẹ́ rẹ ká láìsọ̀rọ̀. Oṣù kan gbáko ni n kò fọwọ́ kan yàrá. Mo ń gbé tìmùtìmù sóòrùn, mo ń fi ọ̀pá lù wọ́n títí òwú àràbà inú wọn yóò fi wú. Mo ń fẹ́ná sí irin ìlọṣọ eléèédú, bí eérú kan bá ta sí aṣọ funfun, a jẹ́ pé n óò tún un fọ̀. Mo ń pọn omi, mo ń sè é, mo ń sẹ́ ẹ sínú ìkòkò amọ̀, nítorí ó ní òfin kan: àlejò dúdú tàbí funfun, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bi í ní orúkọ kó tó mu omi. "Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í sọ òótọ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ṣùgbọ́n òfin tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìfẹ̀yìnwò. Òun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá tẹ́ ibùsùn tán, wàá mú aṣọ mímọ́ kan tó wà fún un, wàá tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, wàá sì dùbúlẹ̀, ìwọ tó tẹ́ ẹ, títí wàá fi gbọ́ ohùn mẹ́ta tí o kò gbọ́ nígbà tí o wà ní ìdúró.

"Ojú ẹni tó dúró kì í rí ohun tí ẹni tó sùn ń rí," ó wí fún mi. "Ìwọ ń wo ilẹ̀, àlejò ń wo òkè. Fi ẹ̀yìn wò ó kí o tó fún un."

Mo kọ́kọ́ rò pé ìwà àgbàlagbà ni. Títí di ọjọ́ tí mo dùbúlẹ̀ ní yàrá kejì, tí mo gbọ́ ẹyẹ, tí mo gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, tí ohùn kẹta sì jẹ́ nǹkan tó ń kùn wòò nínú ògiri lẹ́bàá orí mi. Oyin ló wà níbẹ̀. Fadá kan ni ì bá sùn síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá Yáwá wò mí, ó ní, "Ó dára. O ti ń di ènìyàn." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni mo ń ṣe. Àkúá, ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn.

Ọdún mẹ́wàá kọjá báyìí. Mo ti ń tẹ́ ibùsùn tí Ìyá Yáwá kò tú ká mọ́.

Ní àsìkò òjò ọdún kan, ìyá òyìnbó kan dé, irun rẹ̀ funfun, ó ń fi ọ̀pá rìn. Màdáàmù Dọ́rà ló ń jẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Faransé díẹ̀, mo sì ń túmọ̀ fún Ìyá Yáwá. Bàbá rẹ̀ ti bá àwọn ọmọ ogun kọjá ní àdúgbò wa nígbà tí wọ́n ń lé àwọn Jámánì, ó wá wo ibi tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tẹ̀. Ìyá Yáwá gbé omi fún un. Ó mu ún tán, ó wo ògiri, ó wo àjà, ó ní, "Mo mọ irú ilé yìí. Mo ní ọ̀kan."

Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ fún wa. Ó ní òun àti ọkọ òun ló ni ilé-àlejò kan ní abúlé kan níbẹ̀, tó ti wà kí bàbá bàbá àwọn tó dáyé. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni gíga gbọ́dọ̀ tẹrí ba, ọkọ rẹ̀ a sì máa wí fún àlejò pé ilé náà ló ń gba ìkíni. Igi àjà rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò nítorí èéfín. Àwọn yàrá rẹ̀ kò ní nọ́mbà, orúkọ igi ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn tó ń wá sùn níbẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lórí òkè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

"Wọ́n ń lọ sóko?" Ìyá Yáwá bi í.

"Rárá. Wọ́n kàn ń rìn."

"Láìgbẹ́rù?"

"Láìgbẹ́rù."

"Ta ló ń lé wọn?"

Ìyá òyìnbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Yáwá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Afí, bi í pé ta ló ń fi ẹ̀yìn wo ibùsùn lọ́dọ̀ wọn."

Ó pẹ́ kí n tó rí Faransé tí n óò fi sọ ọ́. Nígbà tó yé ìyá òyìnbó náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun máa ń sùn ní gbogbo yàrá ilé náà lọ́dọọdún, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òtútù tó dé, òun náà sì jogún rẹ̀. Ó di ọwọ́ Ìyá Yáwá mú, ó ní, "Bóyá ìyá ọkọ mi ló bí ọ."

Ní ọjọ́ kejì ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ yàrá, òun fẹ́ yàrá kẹrin, nítorí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè tí bàbá òun kọ nípa rẹ̀ nínú lẹ́tà. Ó ti lé ní oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni kò sùn ní yàrá náà. Ìyá Yáwá ní, "Afí, lọ tọ́jú rẹ̀. Fi ẹ̀yìn wò ó dáadáa." Òun fúnra rẹ̀ ká aṣọ ìfẹ̀yìnwò, ó gbé e sórí àga níbẹ̀ fún mi.

Mo gbálẹ̀. Mo tẹ́ ibùsùn. Mo ń nawọ́ sí aṣọ náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn aláṣọ kan tó máa ń ti Notsé wá, ó ń pè lẹ́nu géètì pé òun ti ń lọ o, ẹni tí kò bá rà á kó má dá òun lẹ́bi. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó na ìró kan sókè, búlúù, tí ẹyẹ funfun ń fò lára rẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo sáré lọ.

Nígbà tí mo padà, Ìyá Yáwá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O fi ẹ̀yìn wò ó?"

"Mo fi ẹ̀yìn wò ó, Ìyá."

"Kí lo gbọ́?"

Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń wọ aṣọ. Mo ní, "Ẹyẹlé. Ẹni tó ń gúnyán. Atẹ́gùn lára ewé."

Ó mi orí pé ó gbọ́. Ó fún ìyá òyìnbó náà ní yàrá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òjò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjì. Ìyá òyìnbó ti lọ sinmi. A gbọ́ ìró kan, kì í ṣe àrá. A sáré wọ yàrá kẹrin. Igi àjà ti já, òun àti ìdajì àjà ti wó lé e lórí láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, eruku ikán sì kún inú yàrá bí èéfín. Ó ń kérora. Ìyá Yáwá ló ki èjìká bọ abẹ́ igi náà tó gbé e sókè, ó ń pè é, "Mo wà níbí, ìyá, mo wà níbí," ní èdè wa tí òyìnbó kò gbọ́. Mo wo àjà tó kù. Ilà ẹrẹ̀ tí ikán fi ń rìn gba orí rẹ̀ kọjá láti ògiri dé ògiri, ó tóbi bí apá mi. Ẹni tó dúró kò lè rí i, igi kejì bò ó. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ nìkan ló lè rí i.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́. Ó yè, wọ́n sì gbé e padà sí ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé kò rìn dáadáa mọ́.

Ọ̀gá àgbà wa, Mùsé Alfọ́ńsì, kó gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ta ló wo yàrá yẹn?"

Mo la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, Ìyá Yáwá ti sọ̀rọ̀.

"Èmi ni."

"Ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi fúnra mi."

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ lórí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láìwẹ̀yìn. Kò wo ojú mi. Lóṣù kejì, wọ́n fi mí ṣe olórí yàrá.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mùsé Alfọ́ńsì kà á fún wa. Ìyá òyìnbó náà kọ pé kí wọ́n bá òun kí Màdáàmù Yáwá, kí wọ́n má bá a wí, pé igi ilé àwọn náà ti wó lu àlejò rí, àlejò náà sì tún padà wá lọ́dún kejì. Mùsé Alfọ́ńsì ká lẹ́tà náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mùsé, ẹ jẹ́ kí a pè é padà." Ó wò mí, ó ní, "Afí, ṣé òun kọ́ ló wo yàrá náà ni?" Ìgbà kejì nìyẹn tí ilẹ̀kùn ṣí fún mi. Mo ní, "Òun ni."

Mo lọ sí Akparé, ìlú Ìyá Yáwá, lọ́jọ́ ìsinmi mi. Ìyá Yáwá ń ro iṣu. Ó gbé omi fún mi. Mo mu ún, mo sì wólẹ̀, mo ní, "Ìyá, ọjọ́ yẹn, n kò..."

"Mo mọ̀," ó ní. "Lẹ́yìn tí àjà wó, mo rí aṣọ náà lórí àga. Bí mo ṣe ká a ló wà."

"Kí ló dé tí ẹ fi...?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ bá ṣì, ọwọ́ ọ̀gá ló ṣì."

Kọ̀jó, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kọjá níwájú wa, ojú rẹ̀ wú. Wọ́n ti tún na án nílé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọmọ A-wó-àjà-lu-òyìnbó. Ìyá rẹ̀ fi ojú tẹ̀lé e títí ó fi wọlé. Ó ní, "Èmi kò ní sọ fún un. Bí mo bá sọ ọ́, yóò kórìíra rẹ. Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà, Afí. Ìwọ ni wàá sọ ọ́, kó gbọ́, kí gbogbo ìlú gbọ́. N kò bá ọ dá ọjọ́."

Kò bá mi dá ọjọ́, èmi náà kò sì dá ọjọ́ fún ara mi. Ọdọọdún ni mo ń lọ sí Akparé. Nígbà tó yá, mo ń gun alùpùpù láti àdúgbò Agbonou ní Atakpamé. Lọ́dọọdún ni ó ń gbé omi fún mi. Mo ń mu omi, n kò sì ń sọ òótọ́.

Iṣẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ ń lọ. Iná mànàmáná dé, mo gbé irin eléèédú jù sí ẹ̀yìn ilé. Tìmùtìmù fóòmù dé, kò sí òwú tí a óò lù mọ́, ọwọ́ mi sì rọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù dé, ariwo rẹ̀ bo gbogbo ohùn tí ènìyàn lè gbọ́, mo ń pa á kí n tó dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, àlejò ń fi tẹlifóònù gba yàrá láti ìlú òkèèrè, wọ́n a ti san owó kí a tó rí ojú wọn. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Ìyá Afí ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ o!" Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìjì náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí ibùsùn kan tí mo fún àlejò tí ẹ̀yìn mi kò kọ́kọ́ kàn. Kọ̀jó dàgbà, ó di àgbẹ̀, ó bímọ, kò sì gun òkè wa rí láyé rẹ̀. Bí ó bá ní ohun tí yóò rà ní Atakpamé, yóò gba ọ̀nà tó jìn kó má bàa kọjá níwájú Ilé Òkè. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ fún ogójì.

Ìyá Yáwá kú ní àsìkò ọyẹ́. Kọ̀jó fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ó ní, "Ìyá Afí, ẹ̀yin lẹ mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa tẹ́ ibùsùn tí a óò tẹ́ ẹ sí kí a tó sin ín. Ó máa ń yìn yín." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo tẹ́ ẹ. Ní yàrá iwájú ni, lórí ibùsùn onígi tí Kọ̀jó yá. Mo nà án títí ó fi dà bí ojú odò. Lẹ́yìn náà mo tú ìdì mi, mo mú ìró kan jáde. Búlúù, ẹyẹ funfun ń fò lára rẹ̀. Ogójì ọdún, n kò rán an, n kò ró o. Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn náà, mo sì dùbúlẹ̀.

Mo gbọ́ ewúrẹ́ tó ń fa okùn rẹ̀. Mo gbọ́ odó ní àgbàlá kejì, wọ́n ń gúnyán fún àwọn àlejò. Kí n tó gbọ́ ẹ̀kẹta, Akú, àbúrò Ìyá Yáwá, wọlé, ó sì figbe ta.

"Afí! Èèwọ̀! Alààyè kì í sùn síbi tí òkú máa sùn! Dìde! Ṣé orí rẹ ti dàrú ni?"

Àwọn ènìyàn sáré wọlé. Kọ̀jó wà níwájú wọn. "Ìyá Afí, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń fi ẹ̀yìn wò ó," mo ní. "Òun ló kọ́ mi. Ọjọ́ kan wà tí n kò ṣe é."

Mo dìde jókòó, mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti aláṣọ. Mo nawọ́ sí ìró náà. Mo sọ ti ẹyẹlé àti iyán àti atẹ́gùn tí n kò gbọ́. Mo ní, "Ìyá rẹ kọ́ ló wo yàrá yẹn, Kọ̀jó. Èmi ni mo parọ́ fún un, òun ló bá mi ru ẹ̀bi rẹ̀. Lẹ́tà dé, mo tún parọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ nílé ìwé, èmi ló ni ín."

Akú fi ọwọ́ bo ẹnu. Kọ̀jó dúró, ó ń wo ìró búlúù náà, ó pẹ́ tó ń wò ó. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kẹta: fèrè mọ́tò lójú ọ̀nà, tó ń gbé òkú Ìyá Yáwá bọ̀ láti ilé ìgbókùúsí ní Atakpamé.

Kọ̀jó ní, "Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ wà lóde. Wọ́n ti dàgbà. Ẹ jáde, ẹ tún un sọ."

Ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó ń mú olè, ó sì jẹ́ kí n fara ti òun. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò níwájú gbogbo Akparé. Mo sọ ọ́ ní èdè wa. Àwọn àna ìdílé wà níbẹ̀ tí wọn kò gbọ́ ọ, mo tún un sọ ní èdè Ewé. Nígbà tí mo parí, ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ Kọ̀jó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. Kọ̀jó kò sọ fún mi pé òun dárí jì mí. N kò bèèrè.

Wọ́n gbé e wọlé. Mo fẹ́ ká ìró náà kúrò lórí ibùsùn, Kọ̀jó ní kí n fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ti wà lókè orí. A sin Yáwá Àbẹ̀kẹ́ ní Akparé.